Làkúrègbé, ẹ̀jẹ̀ ríru àti èpò tí kì í sinmi: kí ni kí n gé kúrò nínú ọgbà yìí?

Ewé_Tútù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́gbà. Ìbéèrè mi ní ẹ̀ka díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ọgbà náà jẹ́ mítà 8 sí mítà 6, orí ilẹ̀ lásán ni gbogbo ebè wà. Làkúrègbé wà ní ìka, ní ọrùn ọwọ́ àti ní orúnkún méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń bẹ, oògùn méjì ni mò ń lò sí i, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀ ṣáá. Bí mo bá dúró fún ogún ìṣẹ́jú, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìlóṣòó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó bá dáa mo lè ṣe bíi wákàtí kan, díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá dáa, ìdérí ìgò pàápàá kò ṣeé ṣí.

Bí mi ò bá jáde fún ọjọ́ mẹ́rin, èpò ti gorí ẹ̀fọ́. Agolo ìbomirin oní-lítà 10 ti wúwo jù fún ọwọ́ mi. Àwọn kan ní kí n kọ́ ebè àpótí, ìyẹn ebè tí a fi pákó gbé sókè. Àwọn mìíràn ní kí n pa ọgbà tì.

Kí ni kí n kọ́kọ́ gé kúrò? Báwo ni ebè àpótí ṣe gbọdọ̀ ga tó fún ẹni tó máa jókòó ṣiṣẹ́? Omi ńkọ́? Irú èèkù wo ló bá ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú dáadáa?

---

Ọkọ́_àti_Àdá:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á dẹ̀ o. Kí ẹ tó ra pákó kankan, ẹ jẹ́ ká ṣírò ibi tí agbára ń gbà lọ. Ojú èpò ni gbogbo èèyàn ń wò, bẹ́ẹ̀ omi gan-an ló ń jẹ ọwọ́.

Nígbà tí òjò kò bá rọ̀, ilẹ̀ ẹ̀fọ́ ń fẹ́ omi bíi mìlímítà 25 lọ́sẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, máa mu lítà 25. Ká ní ìdajì ọgbà yín ni ebè, tí ìyókù jẹ́ ọ̀nà, ẹ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 24, ó di lítà 600 lọ́sẹ̀. Kílò kan ni lítà omi kan. Agolo oní-lítà 10 lọ́nà ọgọ́ta, kílò 600 lórí ọrùn ọwọ́ tó ń dùn, lọ́sẹ̀ kan péré! Ọwọ́ tó dá ṣáká pàápàá á ráhùn.

Nítorí náà, ìtóbi ọgbà ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa gé. Ebè tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irú ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá péré ti tó yín. Ohun tí mo fi ń dán ọgbà wò ni ọjọ́ méje: bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ṣé ẹ máa bá a láàyè, tí ẹ ó sì lè tún un ṣe láàárín wákàtí kan? Ohunkóhun tí kò bá lè kọjá ìdánwò yẹn, yálà irúgbìn ni o tàbí ọ̀nà ìṣiṣẹ́, kò bá ara tí kì í sọ ọjọ́ tó máa le mu.

Ẹ fi ìdánwò yìí wo irúgbìn yín. Ilá kò lè kọjá á: ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tó bá tó já, ó ti gbó, ó ti di okùn. Kùkúḿbà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ọ̀kan bá gbó sórí ìtàkùn, ìtàkùn náà á rò pé iṣẹ́ òun ti parí, kò sì ní í so dáadáa mọ́. Ata ń kọjá, torí èso rẹ̀ lè wà lórí igi fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́. Tòmátì pín sí méjì. Èyí tó ń gùn láìdáwọ́ dúró ń fẹ́ ká so ó mọ́ igi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká sì máa já ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìka ni gbogbo ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbin irú èyí tó máa ga dé ibì kan tó sì máa dúró, igi kan péré ló ń fẹ́. Ẹ̀fọ́ tí a lè máa gé ewé rẹ̀ tó sì máa rú padà sàn ju èyí tí a ní láti fà tu kí a tún un gbìn lọ. Ọ̀dùnkún a máa bo ilẹ̀, a máa pa èpò, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹnì kan máa ní láti wú u.

Ilẹ̀ tó kù ńkọ́? Ẹ má fi sílẹ̀ lófìfo, torí ilẹ̀ òfìfo ni ilé èpò. Ẹ gé èpò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tu gbòǹgbò. Ẹ bu omi sí i kó tutù, kí ẹ wá tẹ́ páálí sórí rẹ̀, páálí aláwọ̀ ilẹ̀ lásán tí kò ní ọ̀dà tó ń dán, kí ẹ ti bó gbogbo tépù ara rẹ̀. Ibi tí páálí méjì ti pàdé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe: ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, torí èpò máa ń wá àlàfo kiri bí eku. Ẹ tún fi omi rẹ páálí náà, kí ẹ wá kó èérún igi tàbí ewé gbígbẹ lé e ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí páálí tó jẹrà. Bí ikán bá pọ̀ ládùúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí páálí àti èérún igi kan ògiri ilé.

Lórí ebè tí ẹ ń lò pẹ̀lú, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé bò ó ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kí ó jìnnà sí ìdí irúgbìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí á máa rin, á sì rà. Bí koríko bá ṣì tutù, ẹ sá a kó gbẹ ná. Èyí tó tutù tí a kó jọ nípọn máa ń gbóná, ó máa ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, kì í sì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀.

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọgbà:

Ọ̀rọ̀ gíga ni kí n dáhùn.

Ẹ jókòó sórí àga tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ gan-an, kí ẹ fi okùn wọn ibi tí ìgúnpá yín dé láti ilẹ̀. Etí àpótí gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ìgúnpá ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Fún ọ̀pọ̀ àga tí ìjókòó rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, èyí máa ń já sí 55 sí 65. Ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́ nílò 80 sí 90. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn nílò irú tábìlì, tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo ní sẹ̀ǹtímítà 70 kí orúnkún lè wọlé, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ sì jìn ní 20 sí 25. Kí ọ̀nà àárín má dín ní 90. Bí kẹ̀kẹ́ bá máa yí po, ẹ jẹ́ kó di 150.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta àpótí kì í sọ. Bí àpótí bá dé ilẹ̀, tí ẹ sì jókòó tì í, orúnkún yín kò ríbi wọ̀, ẹ ó máa fi ẹ̀gbẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ ó máa lọ́ ẹ̀yìn bí aṣọ tí a ń fún. Bí orúnkún ṣe ń sàn ni ẹ̀yìn á máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: ẹ lo irú tábìlì tó ṣófo lábẹ́, tàbí kí ẹ kan pákó fífẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí etí àpótí, kí ẹ lè jókòó lé etí náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa sún.

Ìbú: bí ẹ bá lè dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 120 ló pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, 60. Bí èjìká náà bá ń dùn, ẹ dín in kù sí 90 àti 45. Ẹ na ọwọ́ láìtẹ̀ síwájú. Ibi tí ọwọ́ dé ni àárín ebè yín.

Ìwúwo ni ọ̀rọ̀ wà. Àpótí tó fẹ̀ ní 120, tó gùn ní 240, tó ga ní 60 ń gba ilẹ̀ tó lé ní lítà 1,700. Bí ilẹ̀ yẹn bá tutù, ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kó o. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìsàlẹ̀, ẹ fi gìtì igi jíjẹrà, ẹ̀ka àti ewé kún un, ó dín ẹrù kù, ó sì máa ń mu omi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń rì. Ní ọdún àkọ́kọ́ ó lè rì ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ jẹ́ kí ìlẹ̀dú díẹ̀ ṣẹ́kù nínú àpò tí ẹ máa fi dí i. Ẹ̀fọ́ elewé kò nílò ju sẹ̀ǹtímítà 20 ilẹ̀ dáadáa lọ. Ata àti tòmátì ń fẹ́ 30.

Pákó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4 ni kí ẹ lò. Bí ẹ̀gbẹ́ bá gùn ju mítà 1.8 lọ, ẹ fi irin tàbí pákó dè é láàárín láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, torí ilẹ̀ tútù máa ń tì í jáde títí tí súkúrú á fi fà yọ. Ẹ má tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀: omi kò ní ríbi jáde, gbòǹgbò á sì rì. Ẹ má lo igi ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú rẹ, ẹ má sì lo pákó àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó, torí òjé lè wà nínú ọ̀dà náà.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, àpótí kò yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ike oní-lítà 30 sí 40 mẹ́fà sórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà ọ̀gbìn kan. Ẹ ó mọ gíga tó bá yín mu kí ẹ tó fi súkúrú de ohunkóhun. Ẹ gbé ike sí àyè rẹ̀ kí ẹ tó bu ilẹ̀ sí i, torí ike oní-lítà 40 tí ilẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ ju 50 kílò lọ. Ẹ ri i dájú pé bẹ́ǹṣì náà lè gbé e.

---

Ewé_Tútù:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Lítà 600 yẹn dẹ́rù bà mí, mi ò ṣírò ó rí. Mo fara mọ́ ike lórí bẹ́ǹṣì ná, lẹ́yìn náà àpótí kan. Dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200 wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, rọ́bà omi sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ. Ṣé ó wúlò?

---

Ẹ̀kán_Omi:

Ó wúlò dáadáa. Dúrọ́ọ̀mù yẹn ló máa gba agolo lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju ojú ebè lọ ní mítà kan. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí omi ní níbẹ̀ kò ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá bar (bar ni wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀mọ́lẹ̀). Kékeré ni, ẹ sì ní láti ra nǹkan tó bá a mu. Páìpù dúdú mìlímítà 16 ni, tí ihò ìkán-omi wà lára rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 síra wọn. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: irú ìkán-omi tó ń ṣàkóso ìtẹ̀mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣí dáadáa tí kò bá rí ìdajì bar sí bar kan. Bí ẹ bá so ó mọ́ dúrọ́ọ̀mù, díẹ̀ á kán, díẹ̀ á gbẹ, ẹ ó sì rò pé páìpù ló dí. Irú lásán ni kí ẹ rà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpótí oní-120 sí 240 ṣàpẹẹrẹ. Ẹ tẹ́ páìpù mẹ́ta sórí rẹ̀ ní gígùn, ihò mẹ́jọ-mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ 24. Ihò tí wọ́n kọ lítà 2 ní wákàtí sí lára, bar kan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù yín kò ní ju bíi lítà 0.6 lọ. Ihò 24 máa fún yín ní lítà 14 sí 15 ní wákàtí. Àpótí yẹn ń fẹ́ lítà 72 lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí márùn-ún. Ẹ pín in sí méjì, wákàtí méjì àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí ooru bá mú, ẹ lè nílò ẹ̀ẹ̀mẹta, torí àpótí máa ń gbẹ yá ju ilẹ̀ lọ. Dúrọ́ọ̀mù kan á sì gbé àpótí kan ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìdánwò ọjọ́ méje ti kọjá nìyẹn.

Ẹ má gba ìṣirò mi gbọ́ láìwò ó: ẹ gbé kọ́ọ̀bù sábẹ́ ihò kan nítòsí dúrọ́ọ̀mù àti ìkejì ní ìparí páìpù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ti ìparí kò bá tó ìdajì ti àkọ́kọ́, páìpù ti gùn jù, tàbí kó ga níbì kan ju ibòmíràn lọ.

Ohun tó ń bà á jẹ́:

Ìdọ̀tí. Ẹ fi àsẹ́ sí láàárín dúrọ́ọ̀mù àti páìpù. Ẹ máa ṣí ìdí páìpù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí omi ṣàn jáde títí tó fi mọ́.

Ìmọ́lẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ń gba oòrùn wọlé, ewédò á hù, á dí ihò. Ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ dé e dáadáa, kí ẹ̀fọn má sì yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ. Ẹ má fi irú ẹ̀rọ olórí róbótó tí a ń yí gbirigbiri sí i. Irú tí a fi ẹsẹ̀ irin gígùn ṣí, tí ìdá mẹ́rin ìyípo á ṣí i tán, ni kí ẹ fi sí i. Ẹ lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ìgúnpá tì í lọ́jọ́ tí ìka bá kọ̀.

Aago. Àwọn aago ìbomirin kan wà tí bátìrì ń ṣiṣẹ́ fún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbára lé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ omi kí wọ́n tó lè ṣí tàbí tì. Ẹ wá irú tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kankan.

Dúrọ́ọ̀mù tó kún ju 200 kílò lọ. Orí búlọ́ọ̀kù tó tẹ́jú ni kó dúró, kì í ṣe orí àga onígi. Ẹ má sì fi garawa pọn omi sí i, rọ́bà ni. Bí ẹ bá tún fi garawa gun orí nǹkan láti kún un, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

---

Apòògùn_Olóko:

Mo rí i pé a kò tíì fọwọ́ kan oògùn, bẹ́ẹ̀ ọgbà àti oògùn máa ń bá ara wọn jà.

Ẹ kò sọ oògùn ìrora tí ẹ ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tó ní làkúrègbé kì í sábà yàgò fún ibuprofen tàbí diclofenac. Bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kejì sì jẹ́ irú lisinopril, enalapril tàbí losartan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lè ṣe kíndìnrín níbi. Ọjọ́ tó léwu jù ni ọjọ́ tí ara gbẹ: oòrùn, òógùn, omi mímu díẹ̀. Ọjọ́ ọgbà gan-an nìyẹn. Ẹ kó orúkọ gbogbo oògùn yín lọ bá dókítà tàbí apòògùn, títí kan èyí tí ẹ dá rà. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Omi ẹ máa mu, àfi tí dókítà bá ti díwọ̀n rẹ̀ fún yín nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Òòyì. Oògùn yín máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ nígbà téèyàn bá dìde wàrà. Ẹ má jẹ́ kí orí yín rẹlẹ̀ ju ìbàdí lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lórí àga, ẹ kọ́kọ́ fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣe sókè-sódò nígbà mẹ́wàá, ẹ di nǹkan mú, ẹ dìde, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé nǹkan, ẹ má sé èémí. Ẹ máa mí síta bí ẹ ṣe ń gbé e.

Àwọn oògùn kan ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara: hydrochlorothiazide (oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀), doxycycline (oògùn apakòkòrò) àti methotrexate (oògùn làkúrègbé) wà lára wọn. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti fìlà gbígbòòrò.

Àkókò. Gbogbo èèyàn á ní kí ẹ jáde láàárọ̀ kùtù nítorí ooru. Fún làkúrègbé tó ń wú oríkèé, àárọ̀ ni ọwọ́ máa ń le jù, ó lè ju wákàtí kan lọ kó tó rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ sàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àárọ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ná.

Ìwọ̀n iṣẹ́. Ẹ ní orúnkún ń bẹ̀rẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú. Nígbà náà, ìṣẹ́jú 10 sí 12 ni ẹ máa fi dúró, kì í ṣe 19. Ẹ fi aago fóònù dún, kí ẹ sì jókòó nígbà tó bá dún, kódà bó ṣe ku ẹyọ kan péré. Ẹyọ kan yẹn ló ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ yí iṣẹ́ padà: bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti ọwọ́, kí èkejì jẹ́ ti ẹsẹ̀. Bí ìrora tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn wákàtí méjì tí ẹ parí, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù nígbà tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ara bá yá jù ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ọjọ́ náà ni èèyàn máa ń fẹ́ san gbèsè gbogbo ọ̀sẹ̀.

Èèkù. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ní èèkù tó tín-ín-rín jù, èyí tó ń fipá mú ìka pa pọ̀. Ẹ fi fóòmù tí wọ́n fi ń bo páìpù wé e títí tó fi nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, kí ẹ wá fa rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ bò ó kó má yọ̀. Kó má nípọn jù: bí ẹ bá dì í mú, orí àtàǹpàkò yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìka àárín. Sísọ́ọ̀sì ọgbà, ẹ wá irú tó ń gé igi níwọ̀n-níwọ̀n, tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò béèrè agbára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa pọ́n ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì, torí ìdajì agbára tí ọwọ́ ń fi ṣòfò, lọ́dọ̀ irin tó kú ló wà. Irúgbìn wẹ́wẹ́ tí a ń fi ìka méjì ṣà, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, ẹ dà á láti inú bébà tí a ká.

Fún ẹlòmíràn tó bá ń kà á: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó má wọ ọgbà láìwọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lẹ́yìn iṣẹ́, torí ẹsẹ̀ tó ti kú lè má mọ̀ pé ẹ̀gún wọ òun. Iṣẹ́ ọgbà máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, títí di òru pàápàá fún ẹni tó ń gún insulin. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ń dín agbára ara láti gbógun ti àrùn kù, irú prednisolone tàbí methotrexate, kó lo ìbomú nígbà tó bá ń ṣí àpò ìlẹ̀dú, kó jìnnà sí ojú, kó sì fi omi rin ín. Kòkòrò Legionella, tó ń kọ lu ẹ̀dọ̀fóró, lè wà nínú eruku rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ bi dókítà bóyá tiyín ti lé ní ọdún mẹ́wàá.

---

Ọkọ́_àti_Àdá:

Mo fara mọ́ ọ, àfi ibì kan: ẹ kò dárúkọ ọkọ́. Ọkọ́ onígi kúkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún ẹlòmíràn. Ẹ wá irú tí igi rẹ̀ ga dé etí yín, tí ojú rẹ̀ jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí bí òrùka, tó ń gé ní lílọ àti ní bíbọ̀. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ fà á lábẹ́ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Kì í ṣe ebè tí ẹ ti fi koríko bò ni mo ń sọ, ọ̀nà àti ibi tí ó ṣófo ni.

Ìgbà tí èpò ṣì dà bí okùn òwú funfun ni kí ẹ ṣe é, kó tó ní ewé gidi. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ọjọ́ tí ojú ilẹ̀ gbẹ, tí oòrùn ṣì máa ràn, ló dáa jù, kí èyí tí ẹ gé lè rọ. Bí ẹ bá ro ó lẹ́yìn òjò, ẹ kàn ṣí àwọn èpò náà nípò ni, wọ́n á tún ta gbòǹgbò.

---

Ewé_Tútù:

Ẹ ṣé é ṣé é. Àwọn oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ yẹn, mò ń kó wọn lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló kù: ọmọ aládùúgbò kan lè wá ràn mí lọ́wọ́ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ọgbà. Iṣẹ́ wo ni kí n fún un?

---

Ìyá_Ẹ̀fọ́:

Èyí tó wúwo, tí kò sì béèrè ọgbọ́n. Kó gbé àpò ìlẹ̀dú, kó tẹ́ páálí, kó da èérún igi, kó kún dúrọ́ọ̀mù, kó ṣí ìdí páìpù lóṣooṣù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ṣókí kó tó dé, ohun mẹ́ta péré, kí ẹ to irinṣẹ́ rẹ̀ síbi kan. Bí ẹ bá ní láti máa tẹ̀ lé e kiri láti fi hàn án, wákàtí tirẹ̀ ti di wákàtí tiyín, orí ìdúró sì ni.

Ẹ má fún un ní èpò tu ní oṣù àkọ́kọ́. Ewé kárọ́ọ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù àti ti koríko jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, á sì tu wọ́n mọ́ tónítóní, á tún máa retí ọpẹ́. Bó bá di dandan, ẹ gún igi sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ na okùn láàárín wọn, kí ẹ sì sọ fún un pé ìbú ọwọ́ kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì okùn kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Igi náà kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, kí ẹ fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀, torí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ewé á ti bo èyí tó bá kúrú.